Lẹ́tà ṣíṣí sí Alága Káńsù wa: Ẹ ṣí géètì fún ẹni tó ń wúkọ́

Ẹ̀yin Alága wa,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ sì kú wàhálà. Mi ò ní dárúkọ yín, mi ò sì ní dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wa, torí ìjọba ìbílẹ̀ 137 ló wà ní ilẹ̀ Yorùbá láti Èkó dé Èkìtì, mo sì mọ̀ pé àwọn alága míì yóò rí ojú ara wọn nínú ìwé yìí. Ẹ̀yin mọ ara yín. Ẹ mọ èmi náà. Ọdún 35 ni mo fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní sẹ́ńtà ìlera ẹ̀yìn ọjà, láti 1987 títí di 2022. Bí kì í bá ṣe èmi ni mo fún àwọn àbúrò yín lábẹ́rẹ́ àjẹsára, a jẹ́ pé ẹni tó jókòó tì mí ni.

Bébà kan ló mú mi kọ̀wé. Lásìkò òjò tó kọjá, nígbà tí ikọ́ àti ọ̀fìnkìn mú ojúlé dé ojúlé ní wọ́ọ̀dù wa, wọ́n lẹ bébà mọ́ géètì sẹ́ńtà. Báírò pupa ni wọ́n fi kọ ọ́: ẹni tó bá ń wúkọ́ tàbí tó ń sín, kí ó máa lọ sí Jẹ́nẹ́rà, àṣẹ láti òkè. Nígbà tí àwọn ìyá ọjà wá bá yín lórí rẹ̀, ẹ ní ọ̀fìnkìn lásán ni, kí wọ́n lọ mu àgbo, pé owó tó wà nílẹ̀ ti títì ni. Mo wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí, ẹ ò rí mi.

Mo ní ohun díẹ̀ láti sọ nípa bébà yẹn.

1. Ọmọ tí bébà náà lé padà

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Ìyá rẹ̀ ń ta èlùbọ́ níwájú ilé mi. Ọjọ́ kejì tí ara ọmọ gbóná ni ó pọ̀n ọ́n lọ sí sẹ́ńtà, ọlọ́dẹ sì dá a dúró lẹ́nu géètì. Ọlọ́dẹ ò wo ọmọ. Etí ló fi gbọ́ ikọ́, ó bá nawọ́ sí bébà. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ sí Jẹ́nẹ́rà ju èrè ọjọ́ méjì lọ fún obìnrin yìí, nítorí náà ó yà sí kẹ́míìsì tó wà ní oríta. Onítọ̀hún po oògùn fún un nínú ọ̀rá: hóró funfun, hóró pupa, àti kápúsù kan tí yóò tú sínú omi. Ó ní oògùn ibà ni. Kò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Ọjọ́ kejì ìyẹn, ní ìrọ̀lẹ́, mo jókòó ní fàráńdà, mo ń ṣa ẹ̀wà, ni mo gbọ́ ọmọ náà. Kì í ṣe ikọ́ ni mo gbọ́, èémí ni. Mo ní kí ìyá rẹ̀ ká aṣọ sókè. Abẹ́ ìhà ọmọ ń jìn wọnú ní gbogbo ìgbà tó bá mí, ihò imú rẹ̀ sì ń fẹ̀. Mo bọ́ aago ọwọ́ mi, mo ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ó jẹ́ 58. Ọmọ tó ti lé ní ọdún kan, tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, bí èémí rẹ̀ bá ti tó 40 ní ìṣẹ́jú kan, ọ̀rọ̀ ti di ti ẹ̀dọ̀fóró. Gbogbo ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní sẹ́ńtà mọ ònkà yìí sórí. Kò gba iná, kò gba ẹ̀rọ. Aago ló gbà, àti ẹni tó máa jẹ́ kí ọmọ wọlé.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá la fi gbé e dé Jẹ́nẹ́rà lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó lo ọjọ́ márùn-ún nídìí ọ́síjìn. Ó yè, mo dúpẹ́. Gbèsè tí ìyá rẹ̀ jẹ, kò tíì san án tán bí mo ṣe ń kọ èyí. Kí a tó padà délé, ọmọ mẹ́rin míì ti ń wúkọ́ ní jẹ́lé-ó-sinmi tó ń lọ, bàbá àgbà kan sì ti kú ní agboolé kejì. Ṣé ọ̀fìnkìn náà ló pa bàbá? Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà ò lè sọ pé òun kọ́. Kò sẹ́ni tó fi òwú kan imú ẹnikẹ́ni nínú wọn fún àyẹ̀wò, kò sẹ́ni tó kọ orúkọ wọn sínú rẹ́jísítà. Nínú ìwé káńsù, oṣù yẹn mọ́ tónítóní, a ò ní oníkọ́ kankan. Iṣẹ́ tí bébà yín ṣe nìyẹn.

2. Àrùn yìí ti wá rí, wọ́n sì ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn bàbá wa rí

Ìjẹ̀bú ni ìyá tó bí ìyá mi. Ọmọdébìnrin ni lọ́dún 1918. Lúkúlúkú ni wọ́n pe ọ̀fìnkìn ńlá tó jà lọ́dún náà, orúkọ àrùn tó ń pa adìẹ. Ó ní bí adìẹ ṣe ń dorí kodò tó ń gbọ̀n láàárọ̀, tí ilẹ̀ ò sì ní ṣú kí ó tó kú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn géńdé ṣe ń ṣe. Òun ló ń pọn omi fún ilé mẹ́ta tí ẹnìkan ò lè dìde nínú wọn. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń gbé omi náà sí, wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kó má wọlé. Ó ní àárọ̀ ọjọ́ kan wà tí omi àná ṣì wà níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Kì í sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyókù wà nínú ìwé ìtàn. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918 ni ọkọ̀ ojú omi gbé e wọ Èkó láti Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní. Ìjọba òyìnbó rán wolé-wolé láti ojúlé dé ojúlé kí wọ́n wá aláìsàn jáde. Ẹ̀rù ba ará ìlú. Àwọn kan fi aláìsàn pamọ́ sí yàrá, àwọn míì sá kúrò ní Èkó lọ sí ìlú bàbá wọn, àrùn sì bá wọn wọ ọkọ̀. Láàárín oṣù díẹ̀, nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù èèyàn kú ní Nàìjíríà, nínú mílíọ̀nù 18 tí wọ́n ṣírò pé a jẹ́ nígbà náà.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n ti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì pa kí èrò má bàa kóra jọ. Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ohun tó bí mi nínú ni pé mi ò kà á níbì kankan pé wọ́n ṣí ibòmíràn tí aláìsàn lè forí lé. Àsìkò yẹn ni Joseph Ṣádárè àti olùkọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Sophia Ọdúnlámì di ìlú mọ̀ọ́ká. Àrùn náà ti dá obìnrin náà dùbúlẹ̀. Nígbà tó dìde, ó kéde pé òjò yóò rọ̀, kí àwọn èèyàn lo omi òjò náà fún ìwòsàn. Ẹgbẹ́ àdúrà tí wọ́n kó jọ, Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye, wà lára gbòǹgbò tí Christ Apostolic Church ti hù. Ọmọ CAC ni mí, mi ò jẹ́ fi omi ìyè ṣeré. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: nígbà tí kò sí géètì kankan tó ṣí, òjò ni àwọn èèyàn gbójú lé. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe?

Ní báyìí, géètì wà. A kọ́ ọ, a kùn ún ní ọ̀dà, a sì lẹ bébà mọ́ ọn.

3. Bébà náà kò tilẹ̀ lè dá ọ̀fìnkìn dúró

Bóyá ẹni tó fún yín nímọ̀ràn rò pé òun ń dáàbò bo àwọn aláboyún tó wá forúkọ sílẹ̀. Inú rere ni. Ṣùgbọ́n ọ̀fìnkìn ńlá, èyí tí òyìnbó ń pè ní flu, máa ń ràn láti bí ọjọ́ kan kí ikọ́ tó jáde rárá. Ẹni tí kò tíì wúkọ́ ti wọlé, ó ti jókòó sáàárín àwọn aláboyún, ó ti gba káàdì. Ọlọ́dẹ ò lè gbọ́ ìyẹn. Àwọn tí ẹ wá lé dànù ni àwọn tí a bá lè rí, kí a fún ní ìbòmú, kí a jókòó sọ́tọ̀, kí a ka èémí wọn.

Aláboyún gan-an wà lára àwọn tí àrùn yìí máa ń ṣe lọ́ṣẹ́ jù lọ, pẹ̀lú ọmọ wẹ́wẹ́, arúgbó, àti ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí àrùn ọkàn. Bí aláboyún bá ń wúkọ́ ńkọ́? Ṣé òun náà kó máa lọ sí Jẹ́nẹ́rà pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ lórí ọ̀kadà?

Oògùn kan wà, oseltamivir lorúkọ rẹ̀. Kì í ṣe oògùn tí wọ́n ń pín bíi parasitamọ́ọ̀lù, sẹ́ńtà wa ò sì ní in. Ṣùgbọ́n àárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ló máa ń wúlò jù. Ọjọ́ kejì ni ọmọ ẹlẹ́lùbọ́ dé ẹnu géètì yín.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi pe gbogbo ara gbígbóná ní ibà. Bí a bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, tí ìlà kan ṣoṣo yọ, tó fi hàn pé kì í ṣe ibà, a ṣì máa ń fún èèyàn ní oògùn ibà lọ sílé, torí aláìsàn fẹ́ gba nǹkan kan dání. Èmi gan-an ti ṣe bẹ́ẹ̀ ju ohun tí mo lè kà lọ. Lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ọ̀fìnkìn H1N1 ti di àjàkálẹ̀ àrùn káàkiri ayé. Nígbà tó fi máa di oṣù Kọkànlá, ó ti dé Èkó. Kí ni àwa rí gbà? Wọ́n kó wa lọ sí gbọ̀ngàn fún ọjọ́ kan, wọ́n fún wa ní ìwé pélébé àti mítípáì. A padà sẹ́nu iṣẹ́, a ń bá ibà lọ. Iye àwọn tí H1N1 mú ní wọ́ọ̀dù wa lọ́dún yẹn, kò sí ẹ̀dá tó lè sọ ọ́, torí a ò wá a.

Mo mọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ báyìí, mi ò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni di ẹ̀bi yìí rù wọ́n. Àwọn mẹ́ta ló ṣẹ́kù níbi tí a ti jẹ́ mọ́kànlá. Ìbòmú tí wọ́n ń lò, aránṣọ ọjà ló fi àjákù àǹkárá rán an fún wọn. Bí mo bá wà nípò wọn, pẹ̀lú àpò tó gbẹ àti ọmọ nílé, bóyá èmi náà ì bá bá wọn lẹ bébà náà.

4. Ẹ má sọ fún mi pé kò ṣeé ṣe

Lọ́jọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, ọkùnrin kan gbé Ẹbólà wọ Èkó láti Liberia. Ẹ rántí iyọ̀ tí gbogbo wa fi wẹ̀. Nílé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ, Dókítà Ameyo Adadevoh fura pé èyí kì í ṣe ibà, ó kọ̀ láti jẹ́ kí ọkùnrin náà jáde, bí àwọn èèyàn ńlá tilẹ̀ ń fúngun mọ́ ọn. Àrùn náà pa òun fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá tọpa àwọn tó fara kan aláìsàn. Èèyàn 894 ni wọ́n ń ṣọ́, wọ́n sì lọ sí ojúlé wọn ní nǹkan bí ìgbà 18,500, láti wo bí ara wọn ṣe gbóná sí. Àwọn kan nínú àwọn tó ṣiṣẹ́ yẹn, iṣẹ́ ìdènà rọpárọsẹ̀ ni wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń kán oògùn sẹ́nu ọmọ. Èèyàn 20 ló ní in ní gbogbo Nàìjíríà, mẹ́jọ kú. Ní ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá, wọ́n kéde pé a bọ́.

Mo mọ̀ pé ọ̀fìnkìn kì í ṣe Ẹbólà. Ó máa ń yára ràn jù ú lọ, kò sì sí bí a ṣe lè tọpa gbogbo ẹni tó bá sín lọ́jà. Kì í ṣe ohun tí mò ń béèrè nìyẹn. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ Ẹbólà ni pé ẹnìkan wo aláìsàn dáadáa lẹ́nu ọ̀nà. Dókítà yẹn kọ̀ kí aláìsàn jáde. Àwa kọ̀ kí aláìsàn wọlé.

5. Ọ̀rọ̀ owó

Ẹ ní kò sówó. Lọ́jọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Àbújá dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dé ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà, kí gómìnà kankan má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin alága jó lọ́jọ́ náà. Èmi náà jó. Bí wọ́n bá ṣì ń há owó náà mọ́ yín lọ́wọ́ níbì kan, ẹ jáde sọ fún wa, kí a mọ ẹni tí a máa kọ lẹ́tà míì sí. Àmọ́ ẹ ò lè gba ìyìn òmìnira ní ọ̀sán, kí ẹ wá sọ ní alẹ́ pé ọwọ́ òkè ló mú yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, òfin ìlera tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2014 ní kí ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé sápò ìjọba àpapọ̀ lọ fún ìlera alábọ́dé. Owó díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń dé àkáǹtì sẹ́ńtà, ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù ló sì yẹ kó bá wọn jókòó láti pinnu ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Ìgbà wo ni ìgbìmọ̀ tiwa jókòó kẹ́yìn? Mo bi alága ìgbìmọ̀ náà. Ó rẹ́rìn-ín.

Ẹ rántí ilé tí wọ́n kọ́ sẹ́yìn sẹ́ńtà ní 2020, nígbà Kọ́rónà. Yàrá méjì, bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà, páìpù omi tirẹ̀, ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ lójú pópó. Ibi tí a fẹ́ máa ya oníkọ́ sọ́tọ̀ sí ni. Ilé náà dára, mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù rẹ̀. Mo lọ yọjú níbẹ̀ lóṣù tó kọjá. Kánópì àti àga ike ló kún inú rẹ̀ dé òrùlé, àwọn tí ẹ máa ń gbé lọ síbi ìnáwó. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà ti di mẹ́rin, wọ́n tò wọ́n lé ara wọn. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo bá páálí ìbòmú mẹ́ta tí wọ́n kó wá lọ́dún 2020. Wọn ò já a. Nígbà tí a nílò rẹ̀, wọ́n ní kí a tọ́jú ẹ̀ fún àlejò tó ń bọ̀ láti Àbújá. Rọ́bà etí rẹ̀ ti gbó, ó ń já bí mo ṣe fọwọ́ kàn án.

Nítorí náà, kì í ṣe pé kò sí ibi tí oníkọ́ lè wọ̀. Àga ike ló gba ipò rẹ̀.

6. Adìẹ, àti ọ̀kadà òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ àrùn

Èyí ò gùn. Oṣù Kejì ọdún 2006 ni àrùn lúkúlúkú òyìnbó, ọ̀fìnkìn adìẹ tí wọ́n ń pè ní H5N1, kọ́kọ́ yọ nílẹ̀ Áfíríkà, ní oko adìẹ kan ní Jájì, ìpínlẹ̀ Kàdúná. Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 2007, obìnrin ẹni ọdún 22 kan kú ní Èkó, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn náà pa ní Nàìjíríà. Láti oṣù Kẹta ọdún 2024, àrùn yìí kan náà ti wọ inú màlúù ní Amẹ́ríkà. Ó pa èèyàn kan ní Louisiana ní oṣù Kìíní ọdún 2025. Oṣù yẹn gan-an ni ariwo rẹ̀ tún sọ láàárín adìẹ ní Kánò. Kò tíì mọ bí a ṣe ń ti ara èèyàn kan ràn ẹlòmíràn dáadáa. Ọjọ́ tó bá mọ̀ ọ́n, mi ò fẹ́ kí bébà yẹn ṣì wà lórí géètì.

Káńsù kọ̀ọ̀kan ló ní òṣìṣẹ́ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣọ́ irú nǹkan báyìí, láti lọ wo ibi tí adìẹ ti ń kú tàbí tí ikọ́ ti pọ̀, kí ó fi ìròyìn ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n fún tiwa ní ọ̀kadà. Gbogbo ìlú ló mọ ọmọkùnrin tó ń gùn ún báyìí, wọ́n sì mọ̀ pé kì í ṣe àrùn ló ń ṣọ́. Òṣìṣẹ́ náà fẹsẹ̀ rìn títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ní báyìí, fóònù ló fi ń bi àwọn sẹ́ńtà bóyá nǹkan wà. Wọ́n á ní kò sí. Ṣé ẹ rí i pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ? Wọ́n ti lé oníkọ́ lọ.

7. Ohun tí a ń béèrè

Èmi nìkan kọ́ ló ń béèrè o. Ìyálọ́jà àti àwọn ìyá ọjà ti ka ìwé yìí kí n tó gbé e jáde, wọ́n ní kí n má dín in kù.

Ẹ yọ bébà náà. Kí ẹ sì fi ìwé àṣẹ tuntun ránṣẹ́ sí gbogbo sẹ́ńtà tó wà lábẹ́ yín pé wọn ò gbọ́dọ̀ lé ẹni tó ń wúkọ́ padà láì jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ìlera ti wò ó.

Ẹ kó kánópì kúrò. Kí ẹ tó rí ọ̀nà kó o, igi máńgòrò wà lápá ọ̀tún géètì. Àga gígùn méjì lábẹ́ rẹ̀, ike omi tó ní ẹ̀rọ, ọṣẹ, àti òṣìṣẹ́ kan pẹ̀lú rẹ́jísítà tirẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́ lábẹ́ igi yẹn ju inú yàrá ìdúró tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí lọ. Ibẹ̀ ni kí oníkọ́ jókòó sí, kí ó lo ìbòmú, kí wọ́n ka èémí rẹ̀, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí wọ́n tó pè é ní ibà. Ẹni tí ikọ́ rẹ̀ bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú ìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni mò ń sọ: oníkọ́ ẹ̀gbẹ melòó ni bébà yín ti lé padà pẹ̀lú?

Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka láti mọ bí ọ́síjìn ṣe wà nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀kan fún sẹ́ńtà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ti wálẹ̀ kúrò ní 90, kí ọkọ̀ gbéra. Ọkọ̀ wo? Ọkọ̀ aláìsàn káńsù wà ní ọgbà mẹkáníìkì láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì. Ẹ tún un ṣe, tàbí kí ẹ bá àwọn oníkẹ̀kẹ́ wa ṣe àdéhùn, wọ́n ti ní àwọn yóò gbà.

Ẹ pe àwọn oníkẹ́míìsì jókòó. Mo mọ̀ pé àwọn dókítà ò ní fẹ́ràn èyí. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wọn ni ìdajì ìlú ń lọ kọ́kọ́, bébà wà o, bébà ò sí. Ẹ kọ́ wọn ní ònkà èémí, ẹ fún wọn ní nọ́ḿbà òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ àrùn, ẹ sì kọ 6232, nọ́ḿbà ọ̀fẹ́ ti àjọ tó ń dènà àrùn ní Àbújá, sára ògiri wọn.

Ẹ dá ọ̀kadà padà fún ẹni tó ni ín.

Kí ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù jókòó kí oṣù yìí tó parí, kí wọ́n sì ka iye owó tó wọ àkáǹtì sẹ́ńtà lọ́dún yìí sí etí wa. Àwọn ìyá ọjà mọ owó kà.

Ẹ gba òṣìṣẹ́ mẹ́rin síbẹ̀, ó kéré tán, kí ẹ sì san owó oṣù àwọn mẹ́ta tó wà níbẹ̀ déédéé. Mi ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí èyí, ẹ mọ oṣù tí ẹ jẹ.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1987, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti ni mínísítà ìlera. Wọ́n ti mú ìjọba ìbílẹ̀ 52 káàkiri orílẹ̀-èdè lọ́dún tó ṣáájú láti fi bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera alábọ́dé. Ohun tí wọ́n tẹ̀ mọ́ wa létí nílé ẹ̀kọ́ ni pé ẹsẹ̀ ni kí aláìsàn lè fi rìn dé ọ̀dọ̀ wa, kí ó sì bá ènìyàn níbẹ̀. Mo bá bàbá náà pàdé rí, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó wọ sẹ́ńtà kan tí a ti ń kọ́ṣẹ́, kò kí ọ̀gá wa, orí àga àwọn aláìsàn ló kọ́kọ́ lọ jókòó sí. Ó bi obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé láti aago mélòó ló ti dé.

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, láti aago mẹ́jọ àárọ̀, n óò wà lẹ́nu géètì sẹ́ńtà. Ìyálọ́jà ti ní òun yóò fún mi ní àga gígùn méjì láti ìsọ̀ rẹ̀, a ó gbé wọn sábẹ́ máńgòrò. Aránṣọ ń rán ìbòmú. Mi ò ní fún ẹnikẹ́ni ní oògùn, mi ò ní àṣẹ ìyẹn mọ́. Èémí ni n óò máa kà, n óò sì máa kọ ọ́ sínú ìwé, orúkọ àti ọjọ́ orí, títí tí ẹ ó fi rán ẹni tó máa gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Mo ti pààrọ̀ bátìrì aago mi.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì ẹ̀yìn ọjà, tó ti fẹ̀yìn tì